Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Kíka Èsì Ìdíje Ikọ̀ Super Falcons

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ òǹkà ni òwe yìí fi ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ni ó ń kọ́ ọmọ aráyé. Ohun tí ó ń sọ ni pé nọ́ńbà lásán kò lè gbé gbogbo ẹrù tó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Bí ibì kan bá wà tí òwe náà ti bá ìgbà mu jù lọ lóde òní, orí pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún yóò sáré fún wákàtí kan àti ààbọ̀, wọn yóò ṣubú, wọn yóò dìde, òógùn yóò bò wọ́n. Bí rẹfirí bá sì fọn fèrè ìkẹyìn tán, nọ́ńbà méjì péré ni yóò ṣẹ́kù fún ìwé ìtàn. 2–0. 1–1. 3–4. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò ka nọ́ńbà méjì náà, yóò sì rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ewì mọ̀ pé ìlà kan ṣoṣo lè gba àlàyé ojú ìwé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì ìdíje rí. Ó yẹ kí èèyàn kà á bí ó ti ń ka oríkì: kí ó béèrè ẹni tí wọ́n ń kì, ohun tí ojú ẹni náà ti rí, àti ìdí tí wọ́n fi mẹ́nu ba ohun kan tí wọ́n sì fi òmíràn sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbà yẹ èsì àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ikọ̀ Super Falcons, wò, láti 1991 títí di 2025.

Ìlú Òkèlúsè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti lóye ọ̀rọ̀ náà. Lábẹ́ ilẹ̀ Òkèlúsè ni òkúta ẹfun wà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá kàn gba ìlú náà kọjá yóò rí oko, yóò rí ilé, yóò rí erùpẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò ní rí òkúta. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ni wọ́n ní láti wa ilẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èsì ìdíje ni erùpẹ̀ òkè. Ohun tó bí èsì náà ni òkúta. Ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé ìwé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi erùpẹ̀ nìkan mọ ìtàn àwọn tó ṣáájú rẹ̀.

Ìkókó oṣù mẹ́sàn-án

Ní oṣù Kejì 1991 ni ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà gbá ìdíje àkọ́kọ́ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè. Gánà ni wọ́n bá pàdé, 5–1 sì ni èsì rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ti wà ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin, èyí tí FIFA ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Orílẹ̀-èdè 12 ni ó kópa, Nàìjíríà nìkan ni ó sì ṣojú ilẹ̀ Áfíríkà. Èsì mẹ́ta tí wọ́n mú bọ̀ wálé nìyí: Jámánì 4, Nàìjíríà 0, Ítálì 1, Nàìjíríà 0, Táíwàn 2, Nàìjíríà 0. Góòlù méje wọlé wọn, wọn kò sì rí ẹyọ kan gbá sílé ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ka òǹkà yìí lásán yóò sọ pé ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tó dúró ní òdìkejì. Jámánì tó gbá mẹ́rin sílé wọn ti gba ife Yúróòpù ní 1989, ó sì tún gbà á ní 1991 kan náà. Ikọ̀ Nàìjíríà kò ju ìkókó oṣù mẹ́sàn-án lọ nígbà tí wọ́n jọ pàdé. Kí ó tún wo ọjọ́ orí ìdíje náà fúnra rẹ̀. Láti 1930 ni àwọn ọkùnrin ti ń gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tiwọn. Ọdún 61 kọjá kí àwọn obìnrin tó rí tiwọn. Àní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí eré náà ti dàgbà, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ka bọ́ọ̀lù obìnrin léèwọ̀ ní 1921 lórí pápá gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, èèwọ̀ náà sì wà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí ní Ṣáínà, kò tíì ṣí tán: 80 ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kí àwọn obìnrin fi gbá ìdíje kan, kì í ṣe 90 bíi ti ọkùnrin, bí ẹni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù yóò wúwo jù fún ẹsẹ̀ obìnrin.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ní 1995, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, Nàìjíríà tún ṣubú, ìṣubú náà sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́wè gbá góòlù mẹ́jọ sílé wọn, 8–0. Nọ́wè yìí ni ó gba ife náà nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ méjì péré ni ó wà láàárín ìdíje náà àti èyí tó tẹ̀ lé e. Kí òǹkàwé ro ohun tí ọjọ́ méjì jẹ́ fún ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ní 8–0 lójú gbogbo ayé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bọ́ sórí pápá láti bá Kánádà pàdé, 3–3 ni èsì rẹ̀. Góòlù mẹ́ta yìí ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbá sílé nínú ìtàn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ọ̀mì náà sì ni ó mú ojú àmì àkọ́kọ́ wá fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mìíràn, wọ́n pàdánù sọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2–3. Ìwé àkọsílẹ̀ yóò sọ pé góòlù 14 wọlé Nàìjíríà nínú ìdíje mẹ́ta, wọ́n sì gbá márùn-ún sílé. Kò ní sọ bí ènìyàn ṣe ń dìde láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ̀fà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà èje

Kì í ṣe pípàdánù nìkan ni òǹkà máa ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ìṣẹ́gun náà ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1998, Nàìjíríà gba àlejò ìdíje Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ti àwọn obìnrin. Èsì wọn dùn létí bí orin: 8–0 sí Mòrókò, 6–0 sí Kóńgò, 6–0 sí Íjíbítì, 6–0 sí Kamẹrúùnù. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbá àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti fi 2–0 na Gánà. Góòlù 28 ni wọ́n gbá sílé ẹlòmíràn, ẹyọ kan kò wọlé tiwọn.

Ẹni tó bá ka 28–0 yóò gbà pé kò sí ẹlẹgbẹ́ wọn láyé. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní Chicago ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n pàdé ikọ̀ Amẹ́ríkà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1999. Ìṣẹ́jú kejì ni Nkiru Okosieme ti gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà. Okosieme yìí ni wọ́n ń pè ní Headmistress, nítorí bí ó ṣe máa ń fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ṣùgbọ́n góòlù àkọ́kọ́ yẹn kò pa ẹnu onílé mọ́. Amẹ́ríkà gbá méje padà, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 7–1. Ẹ̀fà mẹ́ta tí wọ́n fi na ọ̀tá nílé, èje ni ó pàdé wọn lẹ́yìn odi. Òwe àgbà ṣẹ láìkù síbì kan.

Kí ni 6–0 mẹ́ta náà bò mọ́lẹ̀? Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà nígbà náà, bọ́ọ̀lù obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni. Ẹni tó ń sáré láàárín àwọn tó ń rákò yóò dà bí ẹṣin. Ìgbà tí ó bá dé àárín àwọn ẹṣin ni yóò tó mọ bí ìsáré òun ti tó. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òǹkà kan kò ní ìtumọ̀ títí yóò fi bá òǹkà mìíràn dúró. 28–0 nílò 7–1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé tó lè lóye méjèèjì.

Ṣùgbọ́n 7–1 náà kọ́ ni òpin ìwé. Ní ọdún 1999 yìí, kí wọ́n tó pàdé Amẹ́ríkà, wọ́n ti na Àríwá Kòríà ní 2–1. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìlukulu ti Chicago, wọ́n na Dẹ́mákì ní 2–0. Báyìí ni Nàìjíríà ṣe di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jáde kúrò ní ìpele ìsọ̀rí, tó sì dé àárín mẹ́jọ tó kù. Títí di Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2023, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tó tún dé ipele yẹn nínú ìdíje àwọn obìnrin.

Bràsíl ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí, Bràsíl ti gbá mẹ́ta, Nàìjíríà kò ní nǹkan kan. Ẹni tó bá pa rédíò rẹ̀ ní àkókò náà, tó sì lọ sùn, kò jẹ̀bi. Àmọ́ Prisca Emeafu gbá ọ̀kan padà, Okosieme gbá èkejì, Nkechi Egbe sì gbá ẹ̀kẹta nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. 3–3. Wọ́n wá lọ sí àfikún àkókò. Òfin tó wà nígbà náà ni ti góòlù oníwúrà: ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní àfikún àkókò, eré parí síbẹ̀, kò sí ààyè láti dá a padà. Ní ìṣẹ́jú 104, Sissi ti Bràsíl gbá a wọlé. Ìwé ìtàn kọ 4–3, ó sì fi àmì sí i pé Nàìjíríà pàdánù. Ẹnikẹ́ni tó bá ka 4–3 kò lè mọ̀ láti ara rẹ̀ pé 0–3 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà.

Nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn dàgbà

Lẹ́yìn 1999, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nílé, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí omi ń fà. Nàìjíríà ṣì ń gba ife Áfíríkà: 2000, 2002, 2004, 2006. Ní àṣekágbá 2004 ní Gúúsù Áfíríkà, 5–0 ni wọ́n fi na Kamẹrúùnù, Perpetua Nkwocha nìkan sì gbá mẹ́rin nínú rẹ̀. Àmọ́ ní 2008, Equatorial Guinea lé wọn kúrò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo, 1–0. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ife Áfíríkà yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbà á padà ní 2010. Ní 2012, ipò kẹrin ni wọ́n wà. Wọ́n tún gbà á ní 2014. Ní 2016, ní Yaoundé, góòlù kan láti ẹsẹ̀ Desire Oparanozie ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Kamẹrúùnù tó gbàlejò. Ní 2018, àwọn àti Gúúsù Áfíríkà kò rí ẹyọ góòlù kan gbá nínú àṣekágbá. Pẹ́náritì ni ó parí rẹ̀, 4–3. Ní 2022, ní Mòrókò, ipò kẹrin ni wọ́n tún já sí.

Ẹni tó bá to àwọn èsì yìí sí ìlà kan, láti 28–0 dé pẹ́náritì, lè sọ pé Super Falcons ń jó àjórẹ̀yìn. Ọ̀nà kan wà tí ó tún lè gbà kà á. Àwọn tó ń rákò ní 1998 ti mọ ìrìn, wọ́n sì ti ń sáré. Mòrókò tí wọ́n fi 8–0 nà ní 1998 ni ó lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje pẹ̀lú pẹ́náritì ní 2022. Èyí kì í ṣe àbùkù fún Nàìjíríà nìkan. Èrè ni fún ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀. Ìyá tó bímọ kan kì í sọ pé kí ọmọ aládùúgbò má dàgbà. Ohun tó yẹ kí ó béèrè ni pé: ǹjẹ́ ọmọ tèmi náà ń jẹun bí ó ti yẹ?

Ohun tí tábìlì èsì kò ní ààyè fún

Ìbéèrè oúnjẹ yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Tábìlì èsì ní ààyè fún orúkọ orílẹ̀-èdè, fún góòlù, fún ojú àmì. Kò ní ààyè fún owó iṣẹ́. Lẹ́yìn 5–0 ti 2004, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà jókòó sí ilé ìtura wọn ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi san owó àjẹmọ́nú àwọn. Lẹ́yìn 1–0 ti Yaoundé ní 2016, wọ́n padà sí Àbújá, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Kejìlá, wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún. Lẹ́yìn tí Jámánì fi 3–0 lé wọn kúrò nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2019 ní Faransé, wọ́n tún jókòó sí ilé ìtura nítorí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jókòó tàbí wọ́de láàárín ọdún 15. Nínú méjì nínú wọn, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí bí òǹkà 5–0 yóò ṣe sọ èyí fún ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí òǹkàwé bá wá béèrè ìdí tí èsì kan fi rí bí ó ṣe rí, kí ó rántí pé kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọkàn tó balẹ̀ náà ń gbá a. Oúnjẹ, àkókò ìmúrasílẹ̀, ìdíje ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kí ìdíje gidi tó dé, gbogbo wọn ni ó ń gbá a.

Ọ̀mì tó jọ ìṣẹ́gun, ìpàdánù tó di irúgbìn

Bí èèyàn bá mú èyí sọ́kàn, yóò mọ bí èsì 2023 ti tóbi tó. Ní Ọsirélíà àti New Zealand ni wọ́n ti gbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé náà. Kánádà tó gba wúrà ìdíje Olympics ní 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Chiamaka Nnadozie, aṣọ́lé Nàìjíríà, mú pẹ́náritì Christine Sinclair, èsì sì jẹ́ 0–0. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na Ọsirélíà, onílé, ní 3–2 ní ìlú Brisbane, níbi tí Uchenna Kanu, Osinachi Ohale àti Asisat Oshoala ti gbá góòlù. Wọ́n ta ọ̀mì 0–0 pẹ̀lú Áílándì. Ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ife Yúróòpù ní 2022, kò rí ọ̀nà wọlé wọn fún 120 ìṣẹ́jú. 0–0. Pẹ́náritì ni ó yà wọ́n, 4–2.

Ní 1995, góòlù 14 wọlé Nàìjíríà nínú ìdíje mẹ́ta. Ní 2023, góòlù méjì péré ni ó wọlé wọn nínú ìdíje mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó nà wọ́n kí eré tó di ti pẹ́náritì. Ìlà tó wà láàárín ọdún méjèèjì kò tọ́ bí ọ̀pá. Ní 2003, góòlù 11 wọlé wọn, wọn kò sì gbá ẹyọ kan. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ìparí wé ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí ọ̀nà tí wọ́n ti rìn.

Nínú pẹ́náritì tí wọ́n gbá pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjì ni kò rí tiwọn gbá wọlé fún Nàìjíríà. Ọ̀kan ni Oparanozie, ẹni tí góòlù rẹ̀ mú ife bọ̀ láti Yaoundé. Èkejì ni Michelle Alozie, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní yunifásítì Yale, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Texas. Ìwé èsì fi orúkọ wọn sí abẹ́ ìpàdánù. Ọdún méjì kọjá. Ní oṣù Keje 2025, ní Mòrókò, Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà tó di ife mú wà ní 1–1 nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá, 90 ìṣẹ́jú sì ti kọjá. Alozie yìí kan náà gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù náà kò fara kan ẹnikẹ́ni títí ó fi wọ àwọ̀n. 2–1. Ẹni tó ti pa ìwé rẹ̀ dé ní 2023 kò ní mọ̀ pé ìtàn Alozie kò tíì parí.

Àṣekágbá náà wáyé ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2025. Kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, Mòrókò ti gbá méjì sílé Nàìjíríà níwájú àwọn ará ilé wọn. Ẹni tó mọ ìtàn 1999 yóò rántí Bràsíl. Ẹni tó mọ ti 2015 yóò rántí Swídìn, tó ti gbá méjì sílé wọn nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé kí wọ́n tó fi 3–3 parí rẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun fún Super Falcons láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Esther Okoronkwo gbá pẹ́náritì wọlé, ó gbé bọ́ọ̀lù fún Folashade Ijamilusi láti gbá èkejì, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù wá síwájú ilé tí Jennifer Echegini fi gbá ẹ̀kẹta ní ìṣẹ́jú 88. 3–2. Òkè tí wọ́n gùn ní 1999 tí wọn kò dé ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n dé e ní Rabat. Ife kẹwàá ni CAF kà á sí fún wọn, bí ìṣirò bá bẹ̀rẹ̀ láti 1998. Bí èèyàn bá fi ìdíje 1991 àti 1995 kún un, nígbà tí wọ́n ń gbá a nílé-lóko láìsí ìlú kan tó gbàlejò, yóò di 12. Òǹkà náà ní agbọn tí ó ti wá.

Nígbà tí wọ́n dé Àbújá, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yóò gba iye owó náírà tó tó 100,000 dọ́là, ilé oníyàrá mẹ́ta àti oyè OON. Ohun ìwúrí ni. Ẹni tó bá sì rántí 2004, 2016 àti 2019 yóò mọ̀ pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìṣẹ́gun yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tó yẹ kí ó wọlé ní àsìkò rẹ̀, yálà wọ́n borí tàbí wọn kò borí.

Ọmọbìnrin tó ń wo erùpẹ̀

Balógun tó gbé ife náà sókè ní Rabat, tí wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ nínú ìdíje náà, ni Rasheedat Ajibade. Ní oṣù Kejìlá 1999 ni wọ́n bí i, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí Bràsíl fi góòlù oníwúrà lé Nàìjíríà lọ sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ́ FC Robo ní Èkó. Orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun lókè òkun ni Nọ́wè, Nọ́wè kan náà tó gbá mẹ́jọ sílé àwọn àǹtí rẹ̀ ní 1995. Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, náà gba FC Robo kọjá. Àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ kí ó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́. Ní 2021, ó gba ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù tó ga jù lọ pẹ̀lú Barcelona, ó sì jẹ́ obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkó ti jìnnà sí Òkèlúsè. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tirẹ̀, Sunshine Queens, tó fi Àkúrẹ́ ṣe ibùgbé. Àmọ́ láàárín pápá ilé ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ àti Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè já. Owó ọkọ̀ lè má sí. Ilé lè sọ pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilé ìwé lè fi bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó ní fún àwọn ọmọkùnrin, kí wọ́n sì ní kí àwọn ọmọbìnrin lọ pọn omi. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tí yóò hàn nínú èsì ìdíje kankan. Bí òkúta ẹfun tí ẹnikẹ́ni kò wà, ẹ̀bùn tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà yóò wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kọ ọ́ sí ìwé pé ó sọnù.

Nítorí náà ni iṣẹ́ olùkọ́ fi pọ̀ ju kíkéde pé wọ́n borí tàbí wọn kò borí lọ. Kí ó kọ àwọn èsì wọ̀nyí sí ojú pátákó bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, láti 0–4 títí dé 3–2. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kí ó sì kọ ohun tí nọ́ńbà méjì náà kò sọ: ta ni wọ́n bá pàdé, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi sinmi, òfin wo ni ó wà nígbà náà, ta ni ó jẹ wọ́n lówó. Àròkọ gidi ni yóò jáde níbẹ̀. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ní oṣù Kẹwàá 2025, Super Falcons padà sí Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n ti parí 28–0 ní 1998. Orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wọn, ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n ti kọ́kọ́ nà wọ́n ní 2–0 ní Lomé. Ní Abẹ́òkúta, 1–1 ni wọ́n gbá, àròpọ̀ méjèèjì sì gbé Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó kàn. Àwọn kan yóò ka 1–1 yẹn sí ìjákulẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ní Benin, ọmọbìnrin kan wà tí ó kà á sí 3–3 tirẹ̀. Ẹni tó ka 0–8 tí kò ka ohun tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì sí i, ìdajì ìwé ni ó kà.